Òkè àti Àbọ̀: Gígun Òkè nínú Ìgbésí-Ayé àti nínú Lítíréṣọ̀ Yorùbá

Mo mọ ohun tí ojú ń rí ní ojú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ní irú àkókò báyìí. Ẹni tí ó bá la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọjá nítorí ọ̀rọ̀ lítíréṣọ̀, ó yẹ kí á bá a sọ ọ̀rọ̀ tí ó ní láárí.

Àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó bí ọ̀rọ̀ tí mo mú wá. Mo fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní iṣẹ́ àṣetiléwá lórí ìwé D. O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938. Mo bi wọ́n pé kí ni ìdí tí ọba fi rán Àkàrà-Ògùn àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tí a bí ní Ajah tí ó sì dàgbà síbẹ̀, kọ ọ́ pé ọba rán wọn lọ sí ilé àdúrà kí wọ́n lè gbààwẹ̀ fún ìlú. Mo fi gègé pupa fa ìlà sí i nídìí, mo sì fún un ní òdo. Mo tilẹ̀ ka ìdáhùn náà fún olùkọ́ kan tí a jọ ń lo ọ́fíìsì, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rín náà kò tọ́. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ, ó sì ka ìwé náà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé, níbi tí ó dàgbà sí, orí òkè ni a ń pe ilẹ̀ kan tí a fi ọgbà yí ká, tí a da iyanrìn sí kí omi má baà mù ún, tí àwọn ènìyàn ń sùn sí fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí méje pẹ̀lú ààwẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú bí ẹní. Kò tíì fi ojú rí òkè mìíràn rí. Àwọn ìjọ Aládùúrà, pàápàá láti ìgbà ìsọjí Àpọ́sítélì Babalọlá ní Iléṣà ní 1930, a máa gun òkè olókùúta gidi lọ gbàdúrà, wọ́n sì ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Èkìtì àti ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà tí ìjọ náà dé etí òkun, òkúta kò bá wọn dé. Orúkọ nìkan ni ó bá wọn dé. Ọ̀rọ̀ lè ṣí kúrò ní ilé rẹ̀, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni láti wádìí ohun tí ọ̀rọ̀ kó dání nígbà tí ó ń ṣí, àti ohun tí ó fi sílẹ̀ sẹ́yìn.

Kí á tó dé ọ̀dọ̀ àwọn baba wa, ẹ jẹ́ kí á lọ sí ibi tí ó jìnnà díẹ̀. Ní ilẹ̀ Nọ́wè, ní àríwá Yúróòpù, gígun òkè jẹ́ eré ìgbafẹ́ tí tẹrú-tọmọ ń ṣe. Òkè tí ó ga jù lọ níbẹ̀ ni Galdhøpiggen, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 2,469 mítà. Àwa tí a rò pé kò sí òkè ní ilẹ̀ wa, ẹ jẹ́ kí á rántí pé Chappal Waddi tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Tàràbà ga tó 2,419 mítà: àádọ́ta mítà péré ni wọ́n fi jù wá lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ará Nọ́wè kì í lọ sí orí èyí tí ó ga jù. Òkè kékeré kan tí kò jìnnà sí ilé ni wọ́n ń gùn, wọn a gbéra ní òwúrọ̀, wọn a sì ti padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun tí wọ́n fi ń gùn ún ní ìgbà òtútù ni pákó gígùn méjì, tẹ́ẹ́rẹ́, tí orí rẹ̀ ká sókè, tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà. Ski ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí igi lílà nínú èdè àwọn baba ńlá wọn. Bí wọ́n bá ń gòkè, gìgísẹ̀ kì í so mọ́ pákó náà. Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ nìkan ni ó so mọ́ ọn, kí ẹsẹ̀ lè máa gbé. Awọ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ní àtijọ́, awọ ẹranko òkun kan tí a ń pè ní séálì ni. Lóde òní, irun ewúrẹ́ tàbí ọ̀rá ni wọ́n fi ń hun ún. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ pa ara ewúrẹ́ rí yóò tètè mọ ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Bí ọwọ́ bá lọ láti orí sí ìdí, yóò máa yọ̀. Bí ó bá lọ láti ìdí sí orí, irun yóò dìde, yóò sì kọ̀. Irun awọ náà dojú kọ ẹ̀yìn. Bí ẹsẹ̀ bá ti iwájú, pákó yọ̀; bí ó bá fẹ́ yọ̀ sẹ́yìn, irun náà di yìnyín mú. Báyìí ni wọn yóò ṣe máa lọ fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí wọ́n bá dé ṣóńṣó orí òkè, wọn a bó awọ kúrò, wọn a de gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn a sì sọ̀ kalẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

(Mo pè é ní yìnyín nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu wa nìyẹn, ṣùgbọ́n yìnyín tiwa a máa dun ènìyàn lórí. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá bá ìṣòro yìí pàdé, wọ́n sì ṣẹ̀dá òjò-dídì. Mo gbóríyìn fún wọn. N kò rò pé ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ti rí ọ̀rọ̀ tí ó dára ju ìyẹn lọ.)

Ewu wà níbẹ̀. Ní ara òkè tí ó dagun ju ìwọ̀n 30 lọ, òjò-dídì lè já, kí ó sì bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ní ìlànà mẹ́sàn-án fún àwọn agunkè, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1952, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2016. Ọ̀kan nínú wọn ni ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí: kí ènìyàn tètè padà bí nǹkan kò bá rọgbọ, nítorí pé kò sí ìtìjú nínú àtipadà. Ẹ wo irú orílẹ̀-èdè tí ó sọ ọ́. Ọmọ wọn, Fridtjof Nansen, fi ski la ilẹ̀ Greenland já ní 1888. Ọmọ wọn, Roald Amundsen, ni ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ Òpin Ayé ti Gúúsù, ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1911. Kò sí ẹni tí yóò pe irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ojo. Síbẹ̀, àwọn ni wọ́n ń kọ́ ọmọ wọn pé àbọ̀ kì í ṣe ẹ̀gàn.

Yorùbá náà sọ ọ́: akíkanjú tí ó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bá ìjà lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu àgbà ológun ni tiwa ti wá, ikú sì ni ó ń bá wí. Tiwọn wà fún eré. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé àwọn baba wa kò gun òkè ṣeré rí.

Ní ìyànjú àtifi òtútù wé ooru, ẹnì kan láti ilẹ̀ tí kò jìnnà sí tiwa ti ṣáájú mi, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣe é. Tété-Michel Kpomassie jẹ́ ọmọ Tógò. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ejò dẹ́rù bà á lórí igi àgbọn, ó sì já bọ́. Ìdílé rẹ̀ fẹ́ fi í fún ojúbọ erè. Ní Lómé ni ó ti rí ìwé kan nípa àwọn ará Greenland, ilẹ̀ tí kò ní igi, tí kò sì ní ejò. Ó gbéra, ó ń ṣiṣẹ́ káàkiri lójú ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì débẹ̀ ní 1965. Ó gbé láàárín wọn, ó jẹ oúnjẹ wọn, ó jókòó sínú ọkọ̀ tí ajá ń fà lórí òjò-dídì. Lẹ́yìn náà ó padà, ó sì kọ ìwé rẹ̀ ní èdè Faransé, tí ó jáde ní 1981. Mo tún mọ̀ pé Simidele Adeagbo ṣojú Nàìjíríà nínú Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ti 2018, àti pé Samuel Ikpefan fi ski sáré fún wa ní Beijing ní 2022. Eré ìje ni ìyẹn. Ẹni tí ó mọ̀ nípa eré ìje ni yóò sọ ọ́.

Nísinsìnyí, òkè tiwa. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ìbàdàn sọ pé nígbà tí ogun tú ìlú àkọ́kọ́, Lágelú àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá gun òkè, wọ́n sì fi èso òro àti ìgbín gbé ẹ̀mí ró. Òkè náà ni wọ́n ń bọ lọ́dọọdún títí di òní. Ní nǹkan bí 1830, àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò ní ilé, pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ olórí wọn, dé abẹ́ àpáta Olúmọ. Abẹ́ òkúta: orúkọ ìlú náà kò sọ pé wọ́n dé ṣóńṣó. Ohun tí wọ́n ń wá ni ihò tí ọmọdé lè sá sí, àti ibi gíga tí ojú ti lè rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó dé. Láti 2006 ni ẹ̀rọ agbéniròkè ti wà níbẹ̀. N kò lòdì sí i. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn ní ẹ̀tọ́ láti wo òrùlé Abẹ́òkúta láti òkè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rọ bá gbé gòkè kì í mí helehele, èmi sì gbà pé mímí helehele yẹn wà lára ìtàn ibẹ̀.

Ìdànrè ni mo fẹ́ kí á dúró sí díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti rí ìlú odindi lórí òkè. Àwọn ènìyàn gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Nínú àwọn ọdún 1920 àti 1930 ni wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n wà lónìí. Láti 2007 ni Àjọ UNESCO ti kọ orúkọ ibẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi tí ó ń retí àyẹ̀wò fún ogún àgbáyé. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni ó gòkè lọ, ibi ìsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà. Lókè, ààfin Ọwá ṣì wà, pẹ̀lú ilé-ẹjọ́ àtijọ́, ilé-ìwé tí wọ́n kọ́ ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ipasẹ̀ Agbógun, àti Omi Àpáàrá.

Ẹ ro ohun tí ó wé mọ́ ọn. Kí a tó ṣe àtẹ̀gùn, ara àpáta lásán ni ọ̀nà. Iyọ̀ tí a bá rà ní ìsàlẹ̀, orí ni yóò gbé e gòkè. Iṣu, epo, ìkòkò, ọmọ tuntun lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ìyàwó tí a gbé láti ìlú mìíràn, aláìsàn tí oko ni àìsàn ti mú un: gbogbo wọn ni wọ́n gba ọ̀nà yẹn. Ìyàwó tí ó ń lọ sí oko lójoojúmọ́ ń gun òkè náà ní ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹni tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kankan. Òkè kì í ṣe ibi tí wọ́n lọ, ilé wọn ni. Nígbà tí ogun dópin, tí kòkó sì ń fa ènìyàn sí ìsàlẹ̀, ààbò di ẹrù, wọ́n sì gbé e kalẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pè wọ́n ní ẹni tí a ṣẹ́gun. Wọ́n ṣì ń gòkè lọ ṣe ọdún Ọ̀rọ̀sùn, wọ́n sì ń padà wálé.

Mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ síbẹ̀, ọmọ Ajah tí mo fún ní òdo sì wà lára wọn. Èmi ni mo ṣáájú ní ìsàlẹ̀, mo ń ṣàlàyé. Ní ibi ìsinmi kejì, àlàyé dín kù. Ní ibi ìsinmi kẹta, àyà mi ń lù kì kì kì, etí mi ń hó, mo sì jókòó. Àwọn ọmọ náà dúró, wọ́n ń wo ojú mi, wọn kò mọ̀ bóyá kí àwọn náà jókòó. Mo ní kí wọ́n máa lọ. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ọdún tí mo ti fi kọ́ ènìyàn ní Òkè Láńgbòdó kì í ṣe kékeré, òkè tí mo kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara mi gùn sì lé mi padà ní ìdajì ọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ọmọ Ajah náà wá jókòó tì mí. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ta ni ó ru ilẹ̀kùn ààfin yẹn gòkè?” Mo ní n kò rí ilẹ̀kùn náà, kí ó sọ bí ó ṣe rí fún mi. Ó sọ ọ́ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí: àwọn òpó, àgbàlá, bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe rí, bí ilé tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ṣe kéré lójú. Ó ní òun rò pé bí òun bá dé orí òkè, nǹkan kan yóò wà níbẹ̀ tí òun máa rí gbà. Mo bi í pé kí ni ó rí. Ó ní ilé ènìyàn ni òun rí.

Mo padà sí ìdí ìwé Fágúnwà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí lọ́kàn. Àwa onílámèyítọ́ ti fẹ́ràn láti sọ pé Òkè Láńgbòdó dúró fún ọgbọ́n, pé Òkè Ìrònú tí ó wà nínú Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje, ìwé ti 1954, dúró fún ohun tí orúkọ rẹ̀ sọ. Kì í ṣe irọ́. Wálé Ògúnyẹmí náà mú Láńgbòdó di eré orí ìtàgé, èyí tí wọ́n ṣe ní FESTAC ní 1977, tí a sì rí gbogbo orílẹ̀-èdè nínú ìrìn àwọn ọdẹ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá tètè sọ òkè di àmì, a kò ní bèèrè nípa ẹsẹ̀. Bí mo ṣe ka ìwé àkọ́kọ́ náà, Fágúnwà kò fi àkókò ṣòfò lórí dídé ṣóńṣó. Ojú ọ̀nà ni ó gba ojú-ìwé. Nígbà tí wọ́n sì débẹ̀, ilé ni wọ́n bá. Ìràgbèje gbà wọ́n ní àlejò, ó ń sọ ìtàn fún wọn láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ọmọ Ajah kò mọ̀ pé ohun tí òun rí ní Ìdànrè nìyẹn.

Ohun kejì ni àbọ̀. Kì í ṣe gbogbo ọdẹ tí ó lọ ni ó padà. Àkàrà-Ògùn padà, ó wá ẹnì kan tí ó mọ̀wé, ó sọ ìtàn rẹ̀ fún un, onítọ̀hún sì ń kọ ọ́. Bí kò bá padà, kò sí ìwé. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò gun òkè kankan. Ó jókòó sí ìdí gègé rẹ̀. Mo ti ka ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà láìmọye ìgbà, mo sì ń fò ó lọ sí ibi tí ìjà wà. Láti ìgbà tí mo ti jókòó ní ibi ìsinmi kẹta ni mo tó mọ iyì akọ̀wé yẹn.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ilé. Ẹ̀yin ará Lẹ́kí àti Ajah, àárín ọ̀sà àti òkun ni ẹ wà, ilẹ̀ yín kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga ju omi lọ. Afárá tí ó so Lẹ́kí mọ́ Ìkòyí, tí wọ́n ṣí ní 2013, ni ọ̀pọ̀ ń lọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù láti fi ẹsẹ̀ gun ibi tí ó dagun. Nínú igbó ọba tí Àjọ tí ń dáàbò bo ẹranko àti igi ní Nàìjíríà ń tọ́jú ní Lẹ́kí láti 1990, afárá kan wà tí wọ́n fi okùn àti irin so kọ́ sókè igi, gígùn rẹ̀ jẹ́ 401 mítà. Mo ti rí àwọn tí ó dé ìdá mẹ́rin rẹ̀ tí wọ́n yí padà, tí àwọn ọ̀rẹ́ wọn sì ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ibi tí ó yẹ kí á lẹ ìlànà àwọn ará Nọ́wè mọ́ gan-an nìyẹn.

Ṣùgbọ́n òkè kẹta wà tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé ní Ajah yóò ra iyanrìn, típà lórí típà, yóò gbé ilẹ̀ rẹ̀ ga ju ojú títì lọ. Ẹni tí ó bá kọ́ tirẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ yóò gbé e ga ju tirẹ̀ lọ. Omi tí ó kúrò lọ́dọ̀ ẹni ìkẹyìn, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ́lé ni ó ń lọ. Gbogbo ẹni tí ó wà ní Èkó ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011 rántí bí òjò ṣe rọ̀, àti ilé tí omi wọ̀. Òkè kan ṣoṣo ni gbogbo ará Ìdànrè jọ gùn. Olúmọ kan ni gbogbo Ẹ̀gbá jọ sá sí abẹ́ rẹ̀. Tiwa ni pé olúkúlùkù ní òkè tirẹ̀, ó sì fi ọgbà yí i ká. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lè sọ ohun tí gọ́tà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ohun tí èmi rí ni pé ọ̀rọ̀ òkè ti yí ìtumọ̀ padà lẹ́nu wa, a kò sì kíyè sí i.

Bí mo sì ti ro èyí, ìdáhùn ọmọ náà wá dàbí ohun mìíràn lójú mi. Nínú ìwé náà, ohun tí ọba ń wá ní Láńgbòdó ni nǹkan tí yóò mú àlàáfíà bá ìlú. Ọmọ tí ó dàgbà sí ibi tí omi ń wọ ilé, tí ó sì rí ìyá rẹ̀ tí ó ń lọ sí ilẹ̀ iyanrìn tí wọ́n ń pè ní orí òkè láti bẹ̀bẹ̀ fún ilé náà, mọ òkè gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ń sá lọ nígbà ìpọ́njú nítorí ẹni tí ó wà nílé. Àwọn ará Ìdànrè yóò gbọ́ ohun tí ó ń wí ju bí wọ́n ṣe máa gbọ́ tèmi lọ, èmi tí mo ń retí kí ó kọ “ọgbọ́n” sílẹ̀ kí ó sì gba máàkì.

Mo pè é sí ọ́fíìsì. Mo pa òdo náà rẹ́, mo fún un ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Ó wo ìwé náà títí, ó sì bi mí pé kí ni ó jẹ mẹ́rin yòókù. Mo ní kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n padà wálé.